Ìbọn 28, 20 àti .410 fún àparò àti àwo amọ̀: ta ló ní ìbọn ọmọdé ni?

ỌmọỌdẹAlbany

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, mo fẹ́ gbé e kalẹ̀ níwájú yín.

Albany ni mo ń gbé, ní ìhà gúúsù Georgia. Láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Thomasville, àwọn oko ńláńlá wà tó jẹ́ pé torí ẹyẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn: bobwhite. Bí ẹ bá rí i, àparò lẹ máa pè é, àfi pé kò tó àparò ilé wa rárá. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ. Abẹ́ igi páìnì, nínú koríko, ni wọ́n ń gbé, wọ́n á kóra jọ bíi mẹ́wàá, méjìlá. Bí ajá bá ti gbóòórùn wọn, á dúró gan-an, ìrù á nà ró, ẹsẹ̀ kan á wà lókè. Ọdẹ á wá rọra kọjá síwájú ajá, gbogbo wọn á sì bú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá gbọ́ ariwo ìyẹ́ yẹn rí, àyà rẹ̀ máa já.

Ìbọn 12 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó) ni mo ti ń lò láti ìgbà tí mo ti dé ibí. Ní oṣù January tó kọjá, mo ra 28, ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìbọn 12 mi lé ní pọ́ùn méje. Eléyìí kò pé mẹ́fà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde, ìrì ṣì wà lára koríko. A ti rìn tó wákàtí méjì kí ajá tó dúró. Àwọn ẹyẹ bú jáde, ọ̀kan yà sọ́wọ́ òsì, ìbọn ti wà léjìká mi kí n tó rántí pé mo gbé e. Ó dún pá! Kò gbá mi léjìká, ẹyẹ sì já lulẹ̀ níbi tí kò ju ogún yáàdì lọ. Nígbà tí mo ń tu ìyẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, hóró ọta mẹ́rin ni mo rí: méjì ní apá, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lẹ́yìn. Igẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Tí mo bá fi 12 pa irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, mo ti jẹ ọta mọ́ ìrẹsì lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀rẹ́ mi kan wo ìbọn náà, ó ní, "Ìbọn ọmọdé lo lọ kówó lé yìí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo 20, 28 tàbí .410, yálà fún ẹyẹ tàbí fún àwo amọ̀ (àwo pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ń jù sókè kí a lè fi ìbọn fọ́ ọ), kí lẹ rí níbẹ̀?

Báyọ̀Kent

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ìbọn tuntun. Ọwọ́ yín á máa bá ẹran o.

Níhìn-ín ní England, 20 ni mo ń lò fún gbogbo nǹkan. Àkókò ọdẹ ẹyẹ pheasant ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù October, ó ń parí ní ọjọ́ kìíní oṣù February. Tí ó bá ti parí, ìbọn náà ni mo ń gbé lọ fọ́ àwo amọ̀. Ìwé àṣẹ kan náà ni ọlọ́pàá ń fún wa fún 12, 20, 28 àti .410, ọdún márùn-ún ló ń lò, torí náà kò sí ìdí tí èèyàn kò fi lè ní méjì.

Ẹyẹ ńlá ni pheasant, akọ rẹ̀ tó adìẹ. Èyí tó bá fò kọjá lókè pátápátá, mo máa ń jẹ́ kó lọ. Kì í ṣe pé 20 kò lè pa á. Mo mọ ibi tí ojú mi àti ọwọ́ mi ń dé ni. Láti ìgbà tí mo ti gbé 12 sílẹ̀, ẹyẹ tí mo ń ṣe léṣe lásán ti dínkù gan-an, torí mi ò kì í yìn ín mọ́ ohun tó bá jìnnà.

Adé12

Ẹ má bínú sí mi o, mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀.

Kátíríìjì 12 tó gbé gíráàmù 24 péré wà lọ́jà. Òun ni wọ́n ń yìn ní Olympics. Ó kéré sí ti 20 mìíràn! Ọ̀pá 12 fẹ̀, ọta kò há mọ́ra nínú rẹ̀, kò sì ń bàjẹ́ bó ṣe ń jáde. Kátíríìjì rẹ̀ wà níbi gbogbo, owó rẹ̀ sì rọjú. Nígbà tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù, àpótí 28 àti ti .410 ló máa ń wọ́n jù, bẹ́ẹ̀ òjé inú wọn ló kéré jù. Ẹ sọ fún mi: kí ni ìbọn kékeré ń ṣe tí 12 mi kò lè ṣe pẹ̀lú kátíríìjì fúyẹ́?

BàbáỌdẹṢakí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ìbọn ṣakabùlà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọdẹ lọ́dọ̀ bàbá mi. A á da ẹ̀tù síbẹ̀, a á fi ọ̀pá ki í, a á kó ọta lé e. Lẹ́yìn náà ni mo ra ìbọn kátíríìjì. Ọ̀yà, ẹtù, àparò, gbogbo wọn ni mo ti pa. 12 nìkan ni kátíríìjì tí mo mọ̀ ní agbègbè wa.

Ìbéèrè mi kò pọ̀. Mo rí i pé 28 ju 12 lọ. Báwo ni ìbọn 28 ṣe wá kéré sí ìbọn 12? Ìkejì: ỌmọỌdẹ, irú ajá wo lo ń lò?

Àdùkẹ́Skeet

Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti nọ́ńbà, kí ẹ̀gbọ́n dáhùn ti ajá.

Ẹ mú òjé tó wúwo pọ́ùn kan. Ẹ pín in sí méjìlá dọ́gba-dọ́gba, kí ẹ yí ìkọ̀ọ̀kan di róbótó. Ọ̀pá tí róbótó kan nínú méjìlá yẹn bá wọ̀ géérégé, 12 nìyẹn. Bí ẹ bá pín òjé kan náà sí ọ̀nà 28, róbótó kọ̀ọ̀kan á kéré sí i, ọ̀pá tó máa gbà á á sì tín-ín-rín. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni ẹnu ìbọn ń kéré. Ẹnu 12 fẹ̀ tó mílímítà 18.5, ti 20 jẹ́ 15.6, ti 28 jẹ́ 14. .410 nìkan ni kò bá wọn ka òjé. Ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ ní ínṣì ni wọ́n fi ń pè é, ìyẹn mílímítà 10.4. Bí a bá fi òjé ṣírò rẹ̀, á tó 67.

Ẹ̀gbọ́n Adé12, mo gbọ́ tiyín. Ojú kan náà ni gbogbo àparò ga, àfi èyí tó bá gorí ebè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni hóró ọta rí. Hóró nọ́ńbà 7½ (bí hóró ṣe tóbi tó ni nọ́ńbà yìí) tó jáde nínú .410 àti èyí tó jáde nínú 12, ìwúwo kan náà ni wọ́n. Bí eré wọn bá dọ́gba, bákan náà ni wọ́n ń gún ẹyẹ. Iye wọn ló yàtọ̀. Kátíríìjì 12 tó gbé áúnsì kan (bíi gíráàmù 28) ní bíi hóró 350 nínú. 28 tó gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin áúnsì ní bíi 262. .410 tó gbé ìdajì áúnsì ní 175 péré. Ẹni tó bá ní 28 ní agbára àfọ̀ṣẹ kan tí 12 kò ní, mi ò gbà á gbọ́. Ẹ ka hóró, ẹ wo bí wọ́n ṣe fọ́n, ọ̀rọ̀ parí.

Ibi tí mo ti ta ko yín ni ìwúwo ìbọn. Greener, oníṣẹ́ ìbọn ní Birmingham láyé ijọ́un, ló ní kí ìbọn wúwo ní ìlọ́po 96 ọta tó ń yìn. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin áúnsì: pọ́ùn mẹ́rin àtààbọ̀. Ìbọn 28 tó wúwo pọ́ùn márùn-ún àtààbọ̀ ti kọjá ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi gbá ẹ̀gbọ́n léjìká. Bí ẹ bá fi gíráàmù 24 sínú 12 yín, òun náà kò ní gbá yín, ṣùgbọ́n pọ́ùn méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ máa gbé kiri oko láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀pá tó tín-ín-rín yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè ṣe ìbọn náà ní kékeré láti ìdí dé ẹnu.

Ní ti àwo amọ̀ (amọ̀ lẹ́nu lásán ni, ọ̀dà àti òkúta ẹfun lọ́lọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é), skeet, eré fífọ́ àwo láti ibi ìdúró kan bọ́ sí òmíràn, ni mo ń yìn níhìn-ín ní Houston. Àwọn ọdẹ ẹyẹ ló dá a sílẹ̀ ní Andover, Massachusetts, ní nǹkan bí 1920, kí ọwọ́ wọn má bàa kú kí àkókò ọdẹ tó dé. Òbìrípo gbáko ni wọ́n kọ́kọ́ ń yí. Nígbà tí aládùúgbò kan wá dá oko adìẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n gé òbìrípo náà sí ààbọ̀ kí wọ́n má bàa máa yìnbọn sí ìhà ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ní Amẹ́ríkà, ìbọn mẹ́rin ni a ń fi díje: 12, 20, 28 àti .410, àwo 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú 12 àti 20, ẹni tó mọ̀ ọ́n ń fọ́ gbogbo 100. .410 ló ń ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀. Ìbọn tí ìdajì áúnsì péré wà nínú rẹ̀, ẹ fẹ́ pè é ní ìbọn ọmọdé? Ìbọn ọ̀gá ni.

ỌmọỌdẹAlbany

Àdùkẹ́, o ṣeun gan-an. Mo máa tẹ ti òjé yẹn síwèé fún ọ̀rẹ́ mi.

Bàbá, pointer ni ajá náà, funfun tó ní àmì pupa létí. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín, ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi kún un, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ìbọn fúyẹ́ tètè ń gbéra, ó sì tètè ń dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tàsé ẹyẹ márùn-ún léraléra. Ẹni tó ni ajá dúró lẹ́yìn mi, ó ní bí mo bá ti fẹ́ fà á báyìí ni mo ń dá ọwọ́ dúró, ọta á sì kọjá lẹ́yìn ẹyẹ. Ìwúwo 12 ló ti ń bá mi fì í lọ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, èmi rò pé ọwọ́ mi ni. Mo lọ sí pápá àwo amọ̀ lọ́jọ́ Sátidé mẹ́ta tẹ̀léra, mo ń yìn ín mọ́ àwo tó ń kọjá níwájú mi nìkan, mo sì ń fi ẹnu ka "máa lọ, máa lọ" bí mo ṣe ń fà á. Ó ti ń bọ̀ sípò.

KúnléDFW

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kì í ṣe ohun tó dùn ún sọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ tí wọ́n ṣí àkókò àdàbà ní September, mo gbé .410 lọ sí oko sunflower kan. Àwọn fídíò tí mo wò ti kó sí mi lórí. Àdàbà ń wọlé láti òkè, wọ́n ń sáré, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní ogójì yáàdì. Mo ń yìn. Mo rí ìyẹ́ tó ń fò, ẹyẹ ń bá tirẹ̀ lọ. Mẹ́ta já sínú koríko gíga ní òdìkejì ọgbà, mo wá wọn títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mi ò rí ju ẹyọ kan lọ. Méjì tó kù yẹn ṣì ń dùn mí. Bàbá mi kọ́ mi pé ẹran tí o bá ti yìnbọn mọ́, gbèsè ọrùn rẹ ni títí o fi máa gbé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀pá .410 gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kò sọ ogójì yáàdì di ogún. Báyìí, tí mo bá gbé e, inú igi ni mo máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń wá mumi, mi ò kì í yìn ju yáàdì márùndínlọ́gbọ̀n lọ.

Àwọn kan á ní tólótòló igbó ni wọ́n ń fi .410 pa báyìí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tungsten, irin kan tó wúwo ju òjé lọ, ni wọ́n ń fi sí i. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 18 fún sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan, òjé kò ju 11.3 lọ. Hóró kékeré á wúwo, á pọ̀ nínú kátíríìjì, á sì jìn. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó àdàbà.

BàbáỌdẹṢakí

Kúnlé, bàbá rẹ kọ́ ẹ dáadáa. Ẹran tó gbọgbẹ́ lọ, ọdẹ kì í fi í ṣeré.

Báyọ̀Kent

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lọ jìnnà, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ní ju ìbọn kan lọ nílé.

Ẹ MÁ ṢE kó kátíríìjì 20 àti 12 sínú àpò kan náà láé. Bí 20 bá ṣèèṣì wọnú ìbọn 12, kò ní dúró níbi tí ẹ ti máa rí i. Á yọ̀ wọlé, á lọ há sínú ọ̀pá díẹ̀ síwájú. Ẹ ó wòye pé inú ìbọn ṣófo, ẹ ó ki 12 sẹ́yìn rẹ̀, ó sì máa wọlé wẹ́kú. Bí ẹ bá fà á, ọ̀pá á bẹ́ níbi tí ọwọ́ òsì yín wà gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe kátíríìjì 20 ní àwọ̀ òféèfèé. 28 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú 20.

Mo ti rí ibi tó ti kù díẹ̀. Ní pápá kan tí a ti ń fọ́ àwo, ọkùnrin kan yá ẹ̀wù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀ torí òjò. Ó fa ìbọn, kò dún. Ó ṣí i, ó rí i pé ó ṣófo, ó ti ń na ọwọ́ sápò láti mú kátíríìjì mìíràn. Ìyá kan tó ń kọ máàkì wa ló pariwo pé kó dúró. Wọ́n gbé ẹnu ìbọn sókè, wọ́n wo inú rẹ̀ láti ìdí: ìmọ́lẹ̀ kò là á já. Kátíríìjì òféèfèé ló há síbẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin náà gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè yìnbọn mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti gbọ́ "tẹ́ẹ̀" dípò "pá", mo máa ń wo inú ọ̀pá títí mo fi rí ojú ọ̀run.

ÌyáTọ́lá

Ẹ ṣeun, ẹ̀kọ́ ńlá ni. Tọ́lá mi pé ọdún méjìlá, ó ń bá bàbá rẹ̀ lọ sí pápá, ó fẹ́ yìnbọn. Ẹni tó ń tajà ní .410 ọlọ́pàá kan ni ká rà torí kò ní gbá a léjìká. Ṣé òótọ́ ni? (Ọ̀pá ẹyọ kan ni mo ní lọ́kàn o, ẹ má gbà pé ọlọ́pàá.)

Àdùkẹ́Skeet

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má rà á.

Òótọ́ ni pé .410 kò ní gbá a léjìká. Ṣùgbọ́n ọmọ kò ní fọ́ àwo. Á tàsé mẹ́wàá, á tàsé ogún, á sọ fún yín pé òun kò fẹ́ mọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ má ra 20 tó fúyẹ́ jù, ọlọ́pàá kan, tí ẹ ó wá ki kátíríìjì líle sí: ìyẹn máa gbá a ju 12 bàbá rẹ̀ lọ, torí kò sí ìwúwo tó máa gbà á mọ́ra.

20 tó ń fi gáàsì ẹ̀tù tó jó ki ara rẹ̀ ni mo fi kọ́ àbúrò mi. Gáàsì yẹn ń gba díẹ̀ nínú agbára tó fẹ́ gbá èjìká. Kátíríìjì tó fúyẹ́ jù tó máa ki ìbọn náà dáadáa ni kí ẹ wá. Ẹ gé ìdí ìbọn kó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, ẹyọ kátíríìjì kan ni kí ẹ máa fi sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ dí etí rẹ̀, ẹ fi gíláàsì sí i lójú, kí ẹ sì gbé e dúró sí ibi tí àwo ti ń lọ tààrà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó gbọ́ bí àwo ṣe ń fọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí 28 bá wà níbi tí owó yín dé, òun ló dára jù lójú tèmi: ó rọ̀ léjìká, hóró rẹ̀ sì tó.

Adé12

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìwúwo yẹn, eékún mi fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́ fún mi láti bí ọdún méjì. Kátíríìjì tó wọ́n ńkọ́?

Àdùkẹ́Skeet

Inú gáréèjì mi ni mo ti ń ki tèmi padà, ẹ̀gbọ́n. Èèpo kátíríìjì 28 tí mo ti yìn, mo máa ń ṣà á padà, mo sì ń fi ẹ̀rọ MEC ki í. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ki bí àpótí mẹ́rin. Ìwé òṣùwọ̀n ẹ̀tù ni mo ń tẹ̀ lé, mi ò kì í fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Adé12

Ó dáa. Ó ku ẹyọ kan: ẹ̀gbọ́n Albany, ẹ ti yìn 28 yẹn sí ìwé rí? Mo fẹ́ rí bó ṣe fọ́n kí n tó gbà.

ỌmọỌdẹAlbany

Mo lọ ṣe é lánàá torí ìwọ.

Mo na ìwé funfun sórí pákó, mo yìn ín, mo wá fi bírò àti okùn ya òbìrípo ínṣì 30 yí ibi tí ọta ti pọ̀ jù ká. Ọta 7½ ni, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin áúnsì, láti inú ọ̀pá ọ̀tún tí ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Mo ń fi bírò máàkì ihò kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń kà á kí n má bàa ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ní yáàdì 25, hóró 204 wà nínú òbìrípo. Mo gé páálí bí ẹyẹ bobwhite, mo ń gbé e kiri orí ìwé. Kò síbi tí mo gbé e sí tí kò bo ihò mẹ́ta, mẹ́rin. Ní yáàdì 35, 149. Níbẹ̀, mo rí ibi méjì tí páálí náà gbà láìkan ihò kankan, ọ̀kan nínú wọn sì wà nítòsí àárín gan-an. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rí bẹ́ẹ̀.

Torí náà, ọgbọ̀n yáàdì ni mo fi ààlà sí fún ọ̀pá ọ̀tún. Ẹnu ọ̀pá òsì há jù ú lọ, mo máa yìn òun náà ní Sátidé.

Adé, bí wọ́n bá ṣí àkókò ní November, wá sí Albany. Gbé 12 rẹ, èmi á gbé 28, a ó pààrọ̀ wọn ní ọ̀sán.

Adé12

Mo ń bọ̀. Mo máa kó kátíríìjì tèmi sínú àpò ọ̀tọ̀.

BàbáỌdẹṢakí

Ẹ kú ìmúra. Bí ajá funfun yẹn bá dúró, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi kí ẹyẹ tó bú jáde.